Orin Ìṣẹ̀dá fún Ohùn Mẹ́rin: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́jọ ní Adó-Èkìtì

Nínú oṣù Kẹta ni ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ wa ní Adó-Èkìtì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n sọ fún mi pé ìtàn ìṣẹ̀dá ayé ni àwọn fi ṣe àkòrí ìkórè ọdún náà, àti pé àwọn fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin gbé orin tuntun kan jáde tí yóò sọ ìtàn náà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ keje. Oṣù mẹ́jọ àti ₦50,000 ni wọ́n fún mi. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣe olùdarí akọrin. Mo sì ti kọ orin bíi mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìjọ wa rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nínú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán ni wọ́n ń béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ fún olùdarí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá já lé léjìká, kí ó lè rí ibi tí mo ti kọsẹ̀, kí ó sì yà fún un.

Ohun tí mo fi ṣe iṣẹ́ kò pọ̀: ìwé orin onílà kan tí mo rà ní ₦1,500, pẹ́ńsùlù àti rọ́bà tí a fi ń pa á rẹ́, kíbọ́ọ̀dù ìjọ tí mẹ́ta nínú àwọn ìtẹ̀ rẹ̀ kì í dún mọ́, fóònù mi tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, àti MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin sílẹ̀ tí a kì í sanwó fún, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò mi. Akọrin 26 ni mo ní: sopránò 11, áltò 6, tẹ́nọ̀ 4, báàsì 5. Mẹ́rin péré nínú wọn ni ó lè ka orin orí ìlà. Sólfà ni àwọn yòókù mọ̀, nítorí náà sólfà ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpinnu tí ó gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó ńlá kan lẹ́yìn náà.

1. Fífi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní pẹ̀lú ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orí kejì ni mo mú, ẹsẹ 34 lápapọ̀, mo sì dín in kù sí 17. Bíbélì tí a jogún ni mo lò, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún gbọọrọ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, nítorí pé èdè rẹ̀ ti mọ́ àwọn àgbà ìjọ lẹ́nu, bí ènìyàn bá sì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, wọn yóò bi í léèrè. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé àmì ohùn tí ó wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ohun tí ẹni tí ń kọ orin sílẹ̀ nílò. Mo da ẹsẹ 17 náà kọ sínú ìwé, mo fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ dò, re tàbí mí sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ kejì ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. "Aiye si wà ni jũju" ni Bíbélì wí, èmi sì kà á sí "jùjú", bí ẹni pé orin tí a ń jó sí lóde àríyá ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá mi. Bàbá ajíhìnrere kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó là mí lójú: "júujùu" ni, mí-re-dò-re, irú ohùn kan náà tí ó wà nínú "wúruwùru" àti "rúdurùdu". Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé n kò ní kọ orin kankan sí ẹsẹ kan kí n tó gbé fóònù síwájú àgbàlagbà kan kí ó ka ẹsẹ náà sókè. Àwọn àgbà mẹ́ta ni mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ tán, ó yà mí lẹ́nu pé ìdajì iṣẹ́ orin náà ti wà nínú bí wọ́n ṣe ń kàwé.

2. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tàn

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà kì í ṣe tèmi, tí Joseph Haydn ni. Ọkùnrin ará Austria yìí parí orin ńlá rẹ̀ lórí ìṣẹ̀dá ní 1798, wọ́n sì kọ ọ́ ní Vienna lọ́dún kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, ní C minor, àwọn akọrin ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo ohùn àti ohun èlò bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní C major. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù, ara mi bù máṣọ. Mo ní ohun tí èmi náà yóò ṣe nìyẹn.

Mo kọ ọ́ kí àwọn akọrin máa rọra sọ "ìmọ́lẹ̀ sì" nísàlẹ̀, kí wọ́n wá fò dé d', ìyẹn dò ti òkè nínú sólfà, lórí "wà" pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. A dán an wò ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin. Ariwo náà dùn, inú àwọn ọ̀dọ́ sì dùn sí i. Màmá kan tí ó ti wà nínú áltò kí wọ́n tó bí mi ni ó gbé ọwọ́ sókè: "Ọ̀gá, ẹ kú uṣẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ní ó wá yìí, níbo ni ó ti ń bọ̀?"

Ó tọ̀nà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí "wà". Bí orin bá gbé e lọ sókè, "wá" ni etí yóò gbọ́, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì di àlejò tí ó ti ibòmíràn dé, nígbà tí Bíbélì wí pé kò sí níbì kankan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ronú sí i ni mo tó rí ohun tí ó ràn Haydn lọ́wọ́ tí kò sì lè ràn mí lọ́wọ́: nínú èdè Jámánì tí ó fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ni ó kẹ́yìn gbólóhùn, nítorí náà òpin gbólóhùn ni ó ti bú jáde. Nínú tiwa, ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣíwájú, ohun tí ó sì tẹ̀lé e, "-lẹ̀ sì wà", ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tò lé ara wọn. Sílébù kan ṣoṣo ni ó wà lókè nínú gbogbo gbólóhùn náà, òun ni "mọ́".

Àtúnṣe tí mo ṣe nìyí. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa a máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀ láti orí àkàsọ̀, nítorí náà mo kọ gbólóhùn náà báyìí ní sólfà orin, kì í ṣe ní àmì ohùn ọ̀rọ̀: m – d' – s – m – d. Mo fún "mọ́" ní ìlù mẹ́fà gbáko, mo sì fún àwọn yòókù ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó kù ni bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe tàn láìjẹ́ pé òpin gbólóhùn gòkè. Mo pa àwọn obìnrin lẹ́nu mọ́ láti báà 1 títí dé báà 31 (báà ni ìpín kéékèèké tí a fi ìlà pín orin sí). Ọkùnrin mẹ́sàn-án nìkan ni ó ń kọrin nínú òkùnkùn náà, báàsì wọn sì ń rìn nísàlẹ̀. Ní báà 32 àwọn ọkùnrin sọ "ì", àwọn obìnrin 17 sì já wọlé lórí "mọ́" lójijì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan lù lẹ́yìn wọn. Nígbà tí a tún dán an wò, màmá wa náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mi orí.

3. Ọrùn ta ni Ọlọ́run dá?

Oṣù Karùn-ún ni mo fi ṣòfò jù. Ìwé tí mo fi kọ́ orin nílé ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ mi pé bí sopránò bá ń gòkè, kí báàsì máa sọ̀, kí ohùn méjì má sì máa rìn ní ọgbọọgba jìnnà, pàápàá bí àlàfo àárín wọn bá jẹ́ márùn-ún. Máàkì mi dára gan-an nínú ìdánwò náà. Mo fi òfin yìí kọ "Ní àtètèkọ́ṣe Ọlọ́run dá ọ̀run òun ayé" sílẹ̀ ní fúùgù onípele mẹ́rin, ohùn kan ń lé èkejì, ìkẹta ń dorí èkejì kodò. Lórí bébà, ó dùn ún wò. MuseScore sì kọ ọ́ fún mi dáadáa, nítorí MuseScore kò gbọ́ Yorùbá.

Mo gba ìdánrawò alẹ́ Ọjọ́rú kan sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn nígbà tí mo ṣàkíyèsí ohun tí báàsì ń sọ. Nígbà tí sopránò ń gòkè lórí "ọ̀run", báàsì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, èyí tí ó sọ ọ̀run di ọrùn. "Ọlọ́run dá ọrùn." Àwọn bàbá márùn-ún tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alàgbà ìjọ ń fi tọkàntọkàn ròyìn pé Ọlọ́run dá ẹnì kan lọ́rùn ní àtètèkọ́ṣe. Nínú ègbè tẹ́nọ̀, ayé ti di ayè. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo sì rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ bá ìṣòro yìí pàdé. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà Marina ní Èkó láti 1914 dé 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó darí ohùn orin. Mo ti mọ̀ nípa èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí n kò tíì rò dé ìdí ni pé òfin náà kò mọ sọ́dọ̀ ohùn òkè nìkan: ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó bá ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni ó gbọ́dọ̀ pè é bí ó ti rí.

Mo ya fúùgù náà sọ nù, mo sì gbé òfin mẹ́ta kalẹ̀ fún ara mi. Èkínní, ohùn tí ó bá ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ gòkè pọ̀ kí wọ́n sì sọ̀ pọ̀, ìbáà jẹ́ pé àlàfo àárín wọn kò dọ́gba. Èkejì, ohùn tí ó bá fẹ́ rìn ní ọ̀nà tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kí ó máa kùn. Ẹ̀kẹta, níbi tí mo bá ti fẹ́ kí ohùn lé ara wọn, kí n lo lílé àti ègbè, kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ tán kí àwọn yòókù tó gbà á. Òfin ẹ̀kẹta yìí ni ó yẹ kí n ti ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìyá mi fi ń kọrin lóko nìyẹn.

Síbẹ̀, fúùgù náà dùn mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo rántí ibì kan ṣoṣo nínú ìtàn náà tí ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ dàrú: "júujùu". Mo mú egungun fúùgù náà, mo gé e kù sí báà 12, mo sì pín ọkùnrin mẹ́sàn-án sí ọ̀nà mẹ́ta láti máa lé ara wọn pẹ̀lú mí-re-dò-re ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé wọ́n ń ṣubú lu ara wọn nínú òkùnkùn, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn. Òun ni apá tí àwọn tẹ́nọ̀ fẹ́ràn jù.

4. Àṣálẹ́ mẹ́fà, òwúrọ̀ mẹ́fà

"Àti àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ó di ọjọ́ kìíní." Gbólóhùn yìí padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà, èmi sì rò pé ìsinmi ni yóò jẹ́ fún àwọn akọrin, kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n há a sórí fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó bá ọjọ́ kìíní mu rẹ́gí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n ń sọ di "kejí", ọ̀rọ̀ tí kò sí. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí: "kìíní" ń gòkè, "kejì" ń sọ̀, "kẹta" àti "kẹrin" tẹ́jú, "karùn-ún" wọlẹ̀ kí ó tó gòkè, "kẹfà" sì ń sọ̀ bíi kejì. Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà sílẹ̀ bí ó ti wà fún gbogbo wọn, mo wá ṣe òpin mẹ́rin:

kìíní: d – m – m
kejì àti kẹfà: r – d
kẹta àti kẹrin: r – r
karùn-ún: r – d – m

Àwọn akọrin kò ṣòro láti kọ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kàn ka iye ọjọ́ náà bí wọ́n ti máa ń kà á nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi parí rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó ná mi lówó jù wà ní ìpele yìí kan náà, kì í sì í ṣe àṣìṣe orin. Mo fi "Ọlọ́run sì rí i pé ó dára" sí òpin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo tẹ ìwé orin náà jáde, mo sì lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Ìjìgbò: ojú ewé 9 fún ẹni 26, ₦50 fún ojú ewé kan, ₦11,700. Ní ìdánrawò tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí ó ń kọ sopránò, ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi "ó dára" ti ọjọ́ kejì han òun nínú Bíbélì. Mo ka ẹsẹ 6 dé 8 lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni gbólóhùn náà wà nínú orí náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ní méjì, ní ẹsẹ 10 àti 12, ọjọ́ kẹfà náà ní méjì, tí èyí tí ó kẹ́yìn sì jẹ́ "dáradára ni", ọjọ́ kejì kò sì ní nǹkan kan. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo ka meje, mo sì pín in bí ó ti wù mí. Ẹ̀dà 26 náà di bébà ìkọ̀wé àwọn ọmọ.

5. Omi kúrò lára omi

Àyè tí "ó dára" fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì kò kún fún ọjọ́ mélòó kan, títí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ fi lọ ṣe ìrìn àjò sí Ìkógosì. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n: omi gbígbóná ń ṣàn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi tútù láti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì pàdé lójú kan náà. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ti gbígbóná, mo fi ti òsì sínú èyí tí ó tutù, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ fi ń pè mí pé kí a máa lọ.

Ẹsẹ 6 ní, "kí ó sì yà omi kúrò lára omi." Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ lórí s kan náà fún "kí ó", wọ́n jọ sọ̀ sí m lórí "sì". Lórí "yà", tí Bíbélì fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí, sopránò àti tẹ́nọ̀ dúró sórí m, áltò àti báàsì já sórí d. Ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n omi ti di méjì. Láti ibẹ̀, wọ́n ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí dé òpin ẹsẹ náà. Báà méjì òfìfo tẹ̀lé e, níbi tí àwọn olùgbọ́ ti ń retí "ó dára". Mo kọ "DÁKẸ́" síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù pupa, nítorí pé ẹnì kan nínú tẹ́nọ̀ kò yé é wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin kò fún mi ní wàhálà kankan, àfi pé mo ní láti ṣọ́ "òkun" kí ó má di okùn.

6. Gángan àti ìgbálẹ̀

Mo fẹ́ kí gángan máa sọ àṣẹ Ọlọ́run. Ètò mi ni pé bí ọkùnrin kan láti inú báàsì bá ti sọ pé "Ọlọ́run sì wí pé", kí gángan sọ "Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà", kí àwọn akọrin sì tó tún un sọ. Onígángan tí mo rí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kedere. Àmọ́ Sátidé ni, àwọn ọmọ kékeré tí ń gbá ilé ìjọsìn sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìlù náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan nínú wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Gbé ìgbálẹ̀ tí ó kù!" Ẹ ka méjèèjì sókè, ẹ ó rí i pé kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú ohùn wọn. Títí ìdánrawò náà fi parí, bí gángan bá ti sọ̀rọ̀, ẹnì kan yóò ṣe bí ẹni ń wá ìgbálẹ̀.

Mo yí ètò náà padà: àwọn akọrin ni yóò kọ́kọ́ sọ àṣẹ náà, gángan yóò wá tẹ̀lé e. Bí etí bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ìlù kò lè ṣi ènìyàn lọ́nà mọ́. Onígángan fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé mo ní ìdí mi ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án, òjò kò jẹ́ kí awọ gángan náà le. Ọ̀rinrin mú un rọ̀, ohùn òkè rẹ̀ kò sì tó òkè mọ́, débi pé mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ re. A kọ́kọ́ gbé e sítòsí iná èédú, ó sì dára fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì awọ náà ya. ₦8,000 ni a fi pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi í sínú àpò ọ̀rá, tí a kì í sì í yọ ọ́ síta títí ìdánrawò yóò fi bẹ̀rẹ̀.

7. Ìdánrawò, kíì, àti owó

Ní kíì F ni mo kọ́kọ́ gbé orin náà sí. Èyí túmọ̀ sí pé d' tí ó wà lórí "mọ́" jẹ́ F ti òkè, èyí tí mẹ́ta nínú sopránò mi lè dé, tí àwọn mẹ́jọ yòókù sì ń fi ọrùn fà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sí E-flat. Nítorí pé sólfà ni a kọ, kò sí ojú ewé kankan tí mo ní láti tún tẹ̀: d ṣì jẹ́ d, olùtẹ kíbọ́ọ̀dù kàn fi transpose, bọ́tìnì tí ń gbé kíì sókè tàbí sísàlẹ̀, sí −2. Bí mo bá ti kọ ọ́ sórí ìlà ni, n bá tún lọ sí Ìjìgbò.

Ìdánrawò 11 ni a ṣe. Orin náà di báà 186, ìṣẹ́jú 11 ó lé díẹ̀. Ìyára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlù 66 ní ìṣẹ́jú kan nínú òkùnkùn, ó sì dé 104 ní ọjọ́ karùn-ún tí ẹja àti ẹyẹ jáde. "Ẹja" àti "ẹyẹ" jẹ́ re-re, re-re, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ́jú pátápátá, nítorí náà mo fi àkúbà àti agogo ṣe gbogbo ìgbòkègbodò tí ohùn kò lè ṣe níbẹ̀.

Ìnáwó náà lọ báyìí: ìwé orin ₦1,500, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó bàjẹ́ ₦11,700, ẹ̀dà kejì, tí mo fún pọ̀ sí ojú ewé 7, ₦9,100, epo ẹ̀rọ amúnáwá fún ìdánrawò ₦21,000, awọ gángan ₦8,000, owó onígángan ₦15,000, omi inú ọ̀rá àti bisikíìtì ₦6,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦72,700. Ìgbìmọ̀ san ₦50,000 tí wọ́n ṣèlérí, èmi sì gbé ₦22,700 yòókù. N kò lè bínú, nítorí pé ìdajì rẹ̀ ó lé díẹ̀ ni owó "ó dára" ọjọ́ kejì.

8. Ọjọ́ ìkórè

A kọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kọkànlá. Òkùnkùn náà lọ dáadáa, "mọ́" bú jáde bí a ti fẹ́, báà méjì ọjọ́ kejì sì dákẹ́ rọ́rọ́, títí kan ẹni tí mo kọ DÁKẸ́ fún. Ní àárín ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀rọ amúnáwá kú. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀: mo ra epo tí ó tó ìsìn, n kò ka ìwàásù tí ó gùn ju ti ìgbàkigbà lọ mọ́ ọn. Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́, àwọn akọrin kò dákẹ́. Wọ́n kọ báà 30 ó lé láìsí ohun èlò kankan ju ìlù lọ, mo sì ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí iná padà dé, ẹ̀rù bà mí. Kíbọ́ọ̀dù wa kì í rántí transpose bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, nítorí náà ó ti padà sí F, àwọn akọrin ní tiwọn sì ti sọ̀ láti E-flat dé nǹkan bíi D. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ̀ ẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Ó dín ohùn rẹ̀ kù, ó tẹ ẹyọ kan, ó tẹ́tí, ó fi transpose sí −3, ó tún tẹ́tí, ó sì wọlé pẹ̀lú wọn ní "Jẹ́ kí a dá ènìyàn ní àwòrán wa". Báà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà á. Mo bi àwọn mélòó kan nínú ìjọ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní àwọn rò pé bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ keje kò ní orin. Àwọn akọrin pa ìwé wọn dé, onígángan gbé ìlù rẹ̀ sílẹ̀, bàbá ajíhìnrere wa sì ka ẹsẹ mẹ́ta náà láti orí ìjókòó rẹ̀.

Ohun tí ó kù láti tún ṣe nìyí. Ní báà 141, "wa" tí ó wà nínú "àwòrán wa" ṣì ń gòkè jù nínú tẹ́nọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di "wá". M ni mo kọ síbẹ̀, r ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ní báà 97 àkúbà ń sáré ju agogo lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹn kò sí lórí bébà. Mo ti fi pẹ́ńsùlù yí m yẹn padà nínú ìwé tèmi. Ẹ̀dà 26 yòókù wà nínú àpótí lábẹ́ dùùrù, n óò sì fi ọwọ́ tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó tún kọ ọ́.